Ọ̀rinrin tí ń gun ògiri láti ilẹ̀: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ̀yin ará, ẹ kú òjò o. Ògiri yàrá wa ti rin láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ara rẹ̀ wú, ó ń ṣí, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hù lára pílásítà. Àwọn bàtà tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti bu. Kí ni ẹ ṣe sí tiyín?

Ọ̀gá Bíríkìlà: Ìyá, ẹ má wulẹ̀ ra ọ̀dà. Omi inú ilẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ń fà mu, bóyá nítorí pé wọn kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà sí ilẹ̀ ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hó pílásítà náà kúrò, kí wọ́n fi símẹ́ǹtì tí a da wọ́tàpúrúùfù, èròjà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, sí rẹ́ ẹ padà.

Àdùkẹ́ Òkè-Báálẹ̀: Wọ́n rẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ fún wa, omi náà sì gba inú ògiri gòkè, ó yọ lókè ibi tí wọ́n rẹ́ gan-an.

Ọmọ Alámọ̀: Ilé alámọ̀ bàbá mi àgbà kò rin rí, àfi ìgbà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì bò ó, tí omi inú amọ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ọ̀gá Bíríkìlà: Ilé alámọ̀ kọ́ là ń sọ níbí, àbúrò.

Ayálégbé: Onílé wa ní kí a máa ṣí fèrèsé.

Akin, North Carolina: Afẹ́fẹ́ nìkan kì í tó. Àlàfo tí ènìyàn lè rá wọ̀ wà lábẹ́ ilé onípákó wa níhìn-ín, wọ́n sì dá ihò sí ògiri ìpìlẹ̀ kí ibẹ̀ lè máa gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, afẹ́fẹ́ tó gba ihò náà wọlé kún fún ọ̀rinrin, bó bá sì ti kan pákó tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, omi a sẹ̀ sí i lára. A dí àwọn ihò náà, a tẹ́ ọ̀rá tó nípọn ju mìlímítà 0.15 lọ sórí ilẹ̀, a fi etí rẹ̀ gun ara wọn, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a sì gbé ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ rá wọ abẹ́ ilé! Ejò ńkọ́?

Akin, North Carolina: Mo sanwó fún ẹni tó rá wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ilé tiwa kò ní àlàfo kankan lábẹ́. Omi gọ́tà ló ń dúró ti ìpìlẹ̀ lẹ́yìn yàrá náà.

Ọ̀gá Bíríkìlà: Ẹ ò tètè sọ! Gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí omi lè ṣàn lọ. Bí omi bá ṣì ń dúró síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àdùkẹ́ ni yóò ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ayálégbé: Ta ni yóò sanwó gọ́tà, onílé tàbí ayálégbé?