Ṣé àwọn tó ń kọ ọ́pẹ́rà ní Ítálì kọ orin tí kò ní olórin nínú?

Àyìnkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Viola, ẹ̀gbọ́n fayolíìnì, ni mo ń kọ́, ọ́pẹ́rà Verdi, eré ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ni mo sì fẹ́ràn jù. Ṣé òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nǹkan kan fún fayolíìnì méjì, viola àti cello tó tóbi jù wọ́n lọ?

Bàbá Oní-cello:
Verdi kọ ọ̀kan, ó sì dùn dé eegun! Ní Naples ni, lọ́dún 1873. Àìsàn ṣe Teresa Stolz tó fẹ́ kọrin nínú Aida, ọ́pẹ́rà Verdi, eré dúró, ni Verdi bá jókòó kọ ọ́. Òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta á. Fetí sí ìbẹ̀rẹ̀: fayolíìnì kejì ló gbé orin, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ní apá kẹta, àwọn yòókù ń fi ìka ta okùn, cello wá ń kọrin bíi tenor, ọkùnrin olóhùn òkè, lórí ìtàgé. Mo ti ta ibẹ̀ títí, kò sú mi rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ má gbàgbé Crisantemi tí Puccini, akọ̀wé ọ́pẹ́rà mìíràn, kọ fún ohun èlò mẹ́rin kan náà ní 1890. Ọmọ ọba Amedeo ti Aosta ló kú, Puccini sì ní òru ọjọ́ kan lòun fi kọ orin náà ní ìrántí rẹ̀. Ó tún lo orin náà nínú ọ́pẹ́rà rẹ̀ Manon Lescaut.

Àyìnkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Èmi oní-viola ńkọ́?

Bàbá Oní-cello:
Wá ti Donizetti, akọ̀wé ọ́pẹ́rà Ítálì mìíràn, ọmọ mi. Irú orin bẹ́ẹ̀ tó kọ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà èwe rẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ní Bergamo, ìlú rẹ̀, Simon Mayr olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń ta viola.