Ṣé elégédé tó hù níbi tí oògùn kòkó ti dànù ṣe é jẹ?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kábà níbí, ibi tí bàbá wa ti máa ń po oògùn kòkó láyé àtijọ́, lindane ni o, mo ti gbin elégédé àti ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, òórùn ẹ̀ ṣì ń jáde. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ òkè dànù, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, pàbó. Mo kà á pé kẹ́míkà tó fẹ́ràn ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo gbòǹgbò, kì í sábà gòkè dé ewé, àmọ́ pé ẹbí elégédé máa ń fa irú oògùn apakòkòrò bíi DDT gòkè ju irúgbìn mìíràn lọ, àwọn ọmọ mi ló sì ń jẹ ẹ́! Ṣé bí mo bá bó ẹ̀gẹ́ yẹn dáadáa ó tó, àbí kí n hú àtòun àtelégédé dànù?