Báwo ni kí n ṣe kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní Kubwa, l'Ábùjá. Ọlọ́pàá ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lẹ́ni 60 ọdún, wọn kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Èmi ni màá kọ ìtàn wọn fún ìsìn ìdágbére. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ iṣẹ́ ìjọ nìkan, torí ẹnu aráyé ò dáa sí ọlọ́pàá. Ó dùn mí gan-an. Bàbá kì í gba rìbá! Ní Kàdúná, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Háúsá ló máa ń ránṣẹ́ pè wọ́n wá parí ìjà, àwọn náà sì ń bọ̀ wá sin wọ́n. Ṣé kí n fi iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣáájú? Ṣé ká ka díẹ̀ lédè Háúsá? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?