Iyùn ààyè wo ni kí n kọ́kọ́ fi sínú táǹkì omi iyọ̀ lítà 75?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èkó ni mo wà. Táǹkì mi ti pé oṣù mẹ́rin, ẹja clownfish méjì àti ìgbín mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Omi rẹ̀ máa ń gbóná dé 28°C lọ́sàn-án. Iyùn (coral, ẹranko òkun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta) wo ni kì í tètè kú, báwo ni kí n sì ṣe mú un wọlé?

Bàbá Táǹkì: Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ wọn omi. Ammonia àti nitrite, májèlé tó ń ti ìgbẹ́ ẹja wá, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Iyọ̀, 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan), ìyẹn 1.026 lórí refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ omi. Alkalinity, ìyẹn agbára omi láti má tètè di kíkan, 8 sí 9 dKH (òṣùwọ̀n rẹ̀), kó má sì máa lọ sókè sódò. Nitrate, ohun tí ammonia àti nitrite ń yí padà sí, 5 sí 15 ppm (mílígíráàmù nínú lítà kan). Àwọn kan máa ń lé e dé òdo. Kò dára bẹ́ẹ̀, ebi á pa iyùn, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí.

Ẹ mú mushroom tàbí zoanthid, oríṣi iyùn rírọ̀ tí kì í tètè kú, ẹyọ kan péré, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má tíì sún mọ́ Acropora, iyùn líle tó ṣòro láti tọ́. Tó bá jẹ́ green star polyp, iyùn tó ń tètè tàn kálẹ̀, lẹ rà, orí òkúta tó dá dúró láàárín iyanrìn ni kó wà. Tó bá kan àpáta ńlá, á tàn bò ó pátá.

Ẹja Òkun: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi inú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di iyùn sínú táǹkì. Ẹ jẹ́ kó léfòó fún ìṣẹ́jú 20 kí ooru omi méjèèjì bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ ri iyùn náà sínú omi oògùn iodine bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ẹ sì fi omi táǹkì ṣàn án nínú ike mìíràn. Oògùn yìí kì í pa ẹyin kòkòrò, nítorí náà ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ẹyin kúrò.

Zoanthid lè ní májèlé palytoxin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú. Ẹ má ṣe se òkúta tó wà lára rẹ̀ láé, ooru tó ń jáde níbẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ọsibítù.

Ìsàlẹ̀ táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé iyùn sí, kí ẹ dín iná táǹkì kù, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná tó pọ̀ lójijì ló ń sọ ọ́ di funfun.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Ooru ńkọ́?

Bàbá Táǹkì: Omi ẹ̀rọ kò dára, omi RO/DI, ìyẹn omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ kó lè mọ́ pátápátá, ni kí ẹ lò. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ: tí lítà 2 bá gbẹ, 35 ti di 36 nìyẹn. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi ń dí i lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ pààrọ̀ lítà 7 sí 8 pẹ̀lú omi oníyọ̀ tuntun.

28°C kò burú tí kò bá gun òkè sí i. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi á dín in kù, ṣùgbọ́n omi á túbọ̀ máa gbẹ. Ẹ wá pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì sílẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi máa ń pa ẹja kí ooru tó ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹja Òkun: Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Tí ẹja bá ṣàìsàn, ẹ má da oògùn tó ní bàbà (copper) sínú táǹkì yẹn. Á pa iyùn àti ìgbín, àpáta á sì fà á mu. Ẹ gbé ẹja náà sí ike ọ̀tọ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn.