"Àjẹsára", "okun ara" àti ewúrẹ́ tí a fún èèyàn sìn

Okun o, ẹ̀yin ará.

Láti ọjọ́ Ẹtì la ti ń fa ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí a máa fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun tí wọ́n ń pè ní CAR-T lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ará wa láti Ìlọrin mú "ìtọ́jú àjẹsára" wá, àwọn mẹ́ta sì ti ṣàmín. Èmi ò ní ṣe é.

Ní Kàbbà níbí, bí o bá pe "àjẹsára" lọ́jà, ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ àti rọpárọsẹ̀ ni gbogbo èèyàn á rò pé o ń sọ. Ohun tí à ń gbà kí àrùn tó dé ni. Ẹni tí a ń wí yìí, àrùn ti wọlé sí i lára tipẹ́, oògùn líle sì lè ti kùnà lára rẹ̀. Mo ka àbá náà sétí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsánlú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá rí abẹ́rẹ́ tí jẹjẹrẹ ò fi ní ṣeni ni?" Bó bá ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà, aláìsàn ńkọ́?

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀rọ, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, sọ́tọ̀. Wọ́n á wá fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ gbé àbùdá tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, kó lè dá àmì kan mọ̀ lára jẹjẹrẹ. Wọ́n á mú kó pọ̀ sí i, wọ́n á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ajá ọdẹ ni wọ́n fi òórùn ẹran kan ṣoṣo kọ́ yẹn. Àmì tó sì gbajúmọ̀ jù, CD19, wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì B (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó ń dáàbò bo ara) tí kò ṣẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ajá ń pa tilé mọ́ tigbó. Ara aláìsàn ló ń ja ìjà náà. Nílé wa, ní ilẹ̀ Okun, okun la ń pe irú agbára bẹ́ẹ̀, òun la fi ń kí ara wa láàárọ̀. Ẹ̀yin Ọ̀yọ́ náà ń pa á lówe pé okun inú la fi ń gbé tìta. "Ìtọ́jú okun ara" ni mo fi lélẹ̀. (Mo kọ́kọ́ kọ "ìtọ́jú olókun", mo pa á rẹ́ kíá, a ò gbé aláìsàn lọ sétí omi.) Ẹ lè ní mò ń polówó ìlú mi. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti CAR inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń dá àmì jẹjẹrẹ mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tú u sí "sẹ́ẹ̀lì ọkọ̀", jọ̀ọ́.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni "àáró" tí ẹnìkan fi pe àjọṣe ilé-iṣẹ́ àti yunifásítì tí wọ́n jọ ń ṣe ìtọ́jú yìí. Àáró kọ́. Àáró ni mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ní 2012, Yunifásítì Pennsylvania, níbi tí Carl June ti ń ṣèwádìí, bá ilé-iṣẹ́ oògùn Novartis tọwọ́ bọ̀wé: ìmọ̀ ti yunifásítì, owó àti ọjà ti ilé-iṣẹ́, yunifásítì á sì máa gba ìpín tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Kymriah, ìtọ́jú tó jáde nínú àdéhùn náà, lóṣù Ògọ́ọ̀sì 2017, $475,000 ni wọ́n dá lé e. Ewúrẹ́ sísìn nìyẹn. Ẹni tó ni abo fi í fún ẹlòmíràn sìn, wọ́n ń pín ọmọ. Ìjà orí ta ló ni ewúrẹ́ náà kò sì gbẹ́yìn: ilé ìwòsàn St. Jude àti Pennsylvania gbéra wọn lọ ilé ẹjọ́, ó di 2015 kó tó parí.

"Àsìnpín" ni mo bá pè é. "Àjọsìn" ìbá dùn jù, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á lọ.

Ti Íńdíà tún yàtọ̀. Inú IIT Bombay, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, ni ilé-iṣẹ́ ImmunoACT ti jáde, wọ́n bá ilé ìwòsàn Tata Memorial ṣe é, ìjọba fọwọ́ sí NexCAR19, irú ìtọ́jú yìí tiwọn, ní 2023, owó rẹ̀ nígbà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Amẹ́ríkà. Ọmọ tó kúrò nílé bàbá lọ kọ́ ilé tirẹ̀ ni. Mi ò tíì rí orúkọ fún un.

Ẹ̀yin ará Búnú àti Yàgbà, kí lẹ ń pe àdéhùn ewúrẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín? Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nílẹ̀, mo fa "àsìnpín" padà.