Iná gbé mi lára ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Oníkámẹ́rà Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa l'Abuja. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìyàwó mi tó bá mi ta bọ́ọ̀sì mi.

Mo ní Hiace kan tí mo fi ń lọ ya fídíò ìgbéyàwó ní Kàdúná, Minna, Jos, títí dé Bauchi. Owó òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ máa jẹ èrè mi tán, ni mo bá yọ àga ẹ̀yìn kúrò, mo fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fíríìjì kékeré àti bátìrì 200Ah sí i. Bí mo bá dé ibi tí iná wà, bí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé oníyàwó, mo máa ń fa iná NEPA wọlé kí bátìrì lè gba iná, kí fáànù ṣiṣẹ́, kí n sì fi laptop gé fídíò lóru.

Rewaya kan ló bá mi ṣe é. Ó lu ihò sára ọkọ̀, ó de sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri mọ́ ọn, ó ní kí n máa lo wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì lórí àti nídìí: ọ̀kan sí ògiri, ọ̀kan sí ọkọ̀. Wáyà náà, pupa àti dúdú péré ló wà nínú ẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi lò ó, wàhálà kankan ò sí.

Sátidé tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Jos. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń fọwọ́ kan irin síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi lásán balẹ̀ nínú ẹrẹ̀, iná gbé mi dé èjìká! Mo ṣubú sẹ́yìn, aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sóde di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Mo pe rewaya, ó ní òjò ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Títí, Gwarinpa:
Ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ṣeun. Wáyà olórí méjì yẹn, ẹ gé e sọnù lónìí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fà á yọ lára ọkọ̀ nígbà tí òdìkejì ṣì wà lára ògiri, irin tó yọ síta lọ́wọ́ yín yẹn, iná wà lórí ẹ̀. Ọmọ kékeré kan ló kù kó dì í mú.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi NEPA ṣe ná? Ẹ gbé sólà sórí ọkọ̀ yẹn kẹ́ ẹ sinmi. Oòrùn ilẹ̀ Hausa kì í ṣe kékeré.

Oníkámẹ́rà Kubwa:
Àbúrò, sólà wà lórí ẹ̀. Ìwọ lọ sí Jos ní oṣù kẹjọ kó o wá sọ iye oòrùn tó o rí.

Bàbá Oníná, Lugbe:
Ẹ kú ìrora, ọ̀gá oníkámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ gùn díẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyí.

Kì í ṣe òjò. Òjò kàn tú àṣírí ni. Táyà rọ́bà mẹ́rin ni ọkọ̀ yín dúró lé. Iná ti jò sára irin ọkọ̀, bóyá láti inú ṣájà, bóyá láti ibi tí wáyà ti bó, kò sì rí ọ̀nà dé ilẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wà nínú, ẹ̀yin àti irin jọ wà lókè ni, bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà NEPA. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀ tútù tí ọwọ́ sì wà lára ilẹ̀kùn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ di wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, tí rewaya kò fi sí i. Iná 12 volt ti bátìrì ọkọ̀ ni rewaya mọ̀. Ìyẹn kì í gbé èèyàn, kò sì sí ẹni tó ń bá a wá ẹ́ẹ̀tì. Iná 230 volt kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri yẹn kúrò. Ẹ ra irú aláwọ̀ búlúù, 16A, onírin mẹ́ta, tó ní ìdérí, tí wọ́n máa ń lò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́. Búlúù ni ti 230 volt. Ẹ má ra pupa, ti 3-phase nìyẹn. Èyí tí irin rẹ̀ yọ síta ni kẹ́ ẹ dè mọ́ ọkọ̀. Orí wáyà tó ń ti ọ̀dọ̀ NEPA bọ̀ ni kó jẹ́ oníhò. Ibi tí iná ti ń bọ̀ kò gbọdọ̀ ní irin lóde láéláé, ibi tó ń lọ ló ń ní in.

Wáyà ìta, kó jẹ́ onírọ́bà, onímẹ́ta, 2.5mm, mítà 25 ti tó. Kó rọ̀, kó jẹ́ tín-ín-rín tín-ín-rín nínú. Wáyà gan-an-ran oníkan ṣoṣo tí a fi ń ṣe ilé, ẹ má fi sínú ọkọ̀. Ojú ọ̀nà Akwanga á gbọ̀n ọ́n títí tó fi máa kán nínú awọ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Dei-Dei, ẹ mú ọ̀bẹ dání. Ẹ ha irin wáyà náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí inú ẹ̀ bá funfun, aluminium tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni.

Lẹ́sẹ̀ kan náà tí wáyà bá wọ inú ọkọ̀, kó bọ́ sínú àpótí kékeré tí RCD 30 milliamp (ohun tó ń já iná bó bá ń jò) àti bíréékà 16A wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé bíréékà nìkan tó. Bíréékà 16A kò ní mira títí iná tó ń kọjá á fi ju 16,000 milliamp lọ, èyí tó lè pa èèyàn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀. RCD ní tiẹ̀ ń wo iná tó jáde lọ àti èyí tó padà wá. Bí díẹ̀ bá sọnù lọ́nà, ó ti já. Kí méjèèjì máa já láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti níútíra (èyí tó ń dá a padà) pọ̀, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé wáyà méjèèjì fún ara wọn pọ̀ nílùú yìí bí iyanrìn.

Èyí tó kẹ́yìn ni rewaya yín ìbá kọ́kọ́ ṣe. Ẹ mú wáyà 4mm aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò láti ẹ́ẹ̀tì inú àpótí, ẹ dè é mọ́ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ẹ ha kùn ibẹ̀ títí á fi máa dán, ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é, kẹ́ ẹ wá fi gírísì bò ó. Bí iná bá tún jò sára ọkọ̀, wáyà yẹn ni yóò gbà lọ, RCD á já, ọwọ́ yín kò ní mọ̀ sí i.

Ìyá Títí, Gwarinpa:
Bàbá, ẹ fi ti kẹ̀kẹ́ wáyà kún un. Mo ń ta small chops nínú ọkọ̀. Wáyà mítà 25, mo fa bíi mẹ́ta jáde, mo fi ìyókù sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mò ń fi iná 2,000 watt dín puff-puff. Ìgbà tí òórùn rọ́bà máa fi jáde, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà àná.

Bàbá Oníná, Lugbe:
Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ tú u tán pátápátá, kò sóhun tó kàn wá bí mítà méjì lẹ fẹ́ lò. Púlọ́ọ̀gì ògiri 13A nìyẹn náà o, bí 3,000 watt ló mọ. Kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Ìlọrin:
Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ṣé sórí púlọ́ọ̀gì kan náà ni?

Bàbá Oníná, Lugbe:
Ìbéèrè gidi. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, níútíra wọn kò so mọ́ ara irin wọn, nítorí náà RCD lè máa wò bí iná ṣe ń jò, kó má já. Kí ẹni tó mọṣẹ́ so ó kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Èéfín rẹ̀ ṣì burú ju iná lọ: ẹ gbé e jìnnà, kí afẹ́fẹ́ máa gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ má sùn pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Oníkámẹ́rà Kubwa:
Mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wáyà àkọ́kọ́ tí mo ha ní ọjà, funfun báláú! Ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ bá mi jiyàn, ó kàn gbé òmíràn wá láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá kan ní Apo bá mi ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tá a yọ wáyà ṣájà àtijọ́, a rí i pé bóòtù bẹ́ẹ̀dì ti jẹ ẹ́ wọnú. Ibẹ̀ niná ti ń jò. Mo so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo tẹ bọ́tìnì T lára RCD, ó já pàá! Ẹ́ẹ̀tì dára nìyẹn, àbí?

Bàbá Oníná, Lugbe:
Rárá o. T kò mọ ohunkóhun nípa ẹ́ẹ̀tì. RCD fúnra rẹ̀ ló ń dán ara rẹ̀ wò, kódà bí wáyà ẹ́ẹ̀tì bá gé, á ṣì já. Ẹ ra púlọ́ọ̀gì kékeré tó ní gílóòbù mẹ́ta lára, tí wọ́n fi ń dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ má ki wáyà ọkọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn dán an wò.

Oníkámẹ́rà Kubwa:
Mo ti rà á. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì: kò ní ẹ́ẹ̀tì. Ti yàrá àwọn akọrin: kò ní. Ti ilé pásítọ̀: ó ní. Ibi tí mò ń páàkì sí báyìí nìyẹn, màmá pásítọ̀ sì ti ń bi mí ìgbà tí mo máa lọ.

Bàbá Oníná, Lugbe:
Ẹ sọ fún pásítọ̀ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí wọ́n bá mi wá ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀.