Kí ni ká máa pe fífi ohùn dá ènìyàn lẹ́jọ́?

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún ohun tí à ń wá orúkọ fún, ìyẹn ìwà kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn kó sì ti ibẹ̀ pinnu pé ará oko ni, pé kò kàwé, tàbí pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àbá kìíní ni "ìkórìíra ẹ̀ka-èdè". Èkejì, tí wọ́n wo "ẹlẹ́yàmẹ̀yà" ṣe, ni "ẹlẹ́kamẹ̀ka". Mo ti rò wọ́n síwá rò wọ́n sẹ́yìn, n kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìkórìíra. Kò sí ìkórìíra nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń wí yìí, ohun tó sì mú kó le nìyẹn. Ẹni tó ń sín ará Ìbàdàn jẹ pé ó pe "iṣu" ní "isu" kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ló ń rín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an lè ni, ó sì lè jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò ka ìròyìn lórí rédíò, òun náà ni yóò sọ pé "isu" yẹn kò dùn ún gbọ́ létí. Bí a bá pe ìwà náà ní ìkórìíra, yóò yẹ inú ara rẹ̀ wò, kò ní í bá ìkórìíra kankan níbẹ̀, yóò sì dá ara rẹ̀ láre.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn Faransé. Philippe Blanchet, onímọ̀ èdè, ló gbé "glottophobie" jáde fún ìwà yìí, ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ilé aṣòfin wọn dìbò fún àbá òfin tó lòdì sí kí a máa fi ohùn ìsọ̀rọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Láti inú èdè Gíríìkì ni "phobie" tó parí ọ̀rọ̀ wọn yẹn ti wá, ìbẹ̀rù sì ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ká tú u bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ta ló ń bẹ̀rù ará Ìkálẹ̀ nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ẹlẹ́kamẹ̀ka" dùn lẹ́nu ju ìyẹn lọ, mo gbà. Ẹnu mi kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni "ẹ̀ka" inú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀ka bá wà, igi gbọ́dọ̀ wà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igi: Yorùbá àjùmọ̀lò, ti inú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ìwé ló sọ ọ́ di igi. Àjàyí Crowther, olórí àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, ọmọ Òṣogùn ni, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ló wọnú Bíbélì tí wọ́n parí títú rẹ̀ ní 1884, Ẹ̀gbá àti Èkó sì fi tiwọn lù ú. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹni tó wọn èyí tó dàgbà jù kí wọ́n tó mú un. Ká ní wọ́n wọ̀n ọ́n ni, ìró gh tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ì bá ti borí, nítorí òun làwọn onímọ̀ ìtàn èdè gbà pé ó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tó wá di w lẹ́nu Ọ̀yọ́. (N óò ṣì máa lo "ẹ̀ka-èdè" náà o, kò sí òmíràn lọ́wọ́.)

Èyí tó tún lágbára jù ú lọ nìyí. "Ẹlẹ́yàmẹ̀yà" ń fẹ̀sùn kan ènìyàn pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹ̀yà tirẹ̀. Bí a bá wo òun ṣe "ẹlẹ́kamẹ̀ka", à ń sọ pé ẹni tó ń hùwà yìí, ẹ̀ka tirẹ̀ ló ń gbé ga. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1960, Wallace Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, mú àwọn tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè méjèèjì. Wọ́n wá ní kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ irú ẹni tí olóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́, láìsọ fún wọn pé ẹnì kan náà ló sọ méjì. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fún ohùn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ máàkì, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Àwọn elédè Faransé pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: lójú wọn, ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́n jù, òun ló ṣe é gbọ́kàn lé, òun ló tilẹ̀ ga jù. Ohùn ilé ara wọn ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì dá a lẹ́bi ju bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti dá a lẹ́bi lọ. Ta ni a ó wá pè ní ẹlẹ́kamẹ̀ka níbẹ̀?

Kò sì pọn dandan kí a dé Montreal. Ìyá tó ti ń fi Èkìtì bá ọmọ rẹ̀ wí látàárọ̀, ẹ wò ó bí fóònù bá dún láti ọ́fíìsì. Kó tó sọ "ẹ ǹ lẹ́ o", ohùn ti yí padà, u iwájú ọ̀rọ̀ ti di i, "ulé" ti di "ilé". Ọmọ tó jókòó tì í ń wò ó. Kò sẹ́ni tó là á yé ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ èyí tó jẹ́ ti ìdáná àti èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ olówó oṣù.

Ti àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń dun mí jù, mo sì rò pé òun ló yẹ kó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí à ń wá. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, "ẹ" àti "wọ́n" la fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo tó jùnilọ. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, lọ́dọ̀ Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, wọn kì í fi arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, oríkì àti ọ̀nà tí a gbà ń pe àgbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ wá mú ọmọ Oǹdó kan dé Ìbàdàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí bàbá onílé dáadáa, ó wá fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbàgbé ìdọ̀bálẹ̀. Ohun tí wọ́n óò máa rò ni pé "àwọn ará ibẹ̀ ò mọ àgbà". Gírámà ni wọ́n gbọ́, ìwà ni wọ́n pè é, wọ́n sì ti dájọ́ kí ọmọ náà tó dìde.

Ìdájọ́ ni, nítorí náà àbá tèmi ni "ìfohùndánilẹ́jọ́". Ẹni tó bá ní ó gùn, ṣé "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" kúrú ni, tí gbogbo oníròyìn fi ń pè é láìsinmi? Ó tún ṣe é tú palẹ̀: "wọ́n fohùn dá a lẹ́jọ́". Oníṣẹ́ rẹ̀ ni "afohùndánilẹ́jọ́". Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó le jù sì wà nínú ìwé tó ń jẹ́ Onídàájọ́ gan-an, orí 12. Àwọn ará Gílíádì dúró sí ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá pe "Ṣibólẹ́tì". Ará Éfúráímù tó bá pe "Sibólẹ́tì", wọ́n pa á. Ìwé náà ka òkú ẹgbẹ̀rún 42. S àti ṣ náà ni o, èyí tí à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ará Ìbàdàn.

"Ohùn" tún gbà ju ẹ̀ka-èdè lọ. Ní 1941, nígbà tí BBC mú Wilfred Pickles, ọmọ Yorkshire, láti máa ka ìròyìn, àwọn olùgbọ́ kan fárígá. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ló ń kà, ìròyìn yẹn náà sì ni, ohùn nìkan ni wọn ò fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, John Baugh, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1999: Baugh fúnra rẹ̀ ń pe àwọn onílé lórí fóònù ní agbègbè San Francisco láti gba ilé, oríṣi ohùn mẹ́ta ló sì ń lò, ohùn aláwọ̀ funfun, ti aláwọ̀ dúdú àti ti ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò. Ìdáhùn tó ń rí gbà yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀.

Àtakò kan ti ń bọ̀, mo mọ̀: àwọn olùkọ́ gírámà ti fi "ohùn" ṣe tiwọn, àmì ohùn, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀. Ó dáa. Tí a bá fi "ẹnu" rọ́pò rẹ̀, "ìfẹnudánilẹ́jọ́", ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò rò pé ẹnu adájọ́ là ń wí. "Ahọ́n" ò burú, àmọ́ ó ń mú ọ̀rọ̀ sún mọ́ akólòlò. Mo fara mọ́ "ohùn".

Kí a má sì da "Òṣómàáló" pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìjẹ̀ṣà ni, ti oníṣòwò aṣọ tó ní ìlóṣòó lòun óò wà títí wọn óò fi san owó òun. Àwọn ẹlòmíràn gbé e lé gbogbo Ìjẹ̀ṣà lórí, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì ti gbà á, wọ́n ń fi yangàn. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ lórí ohùn, àlẹ̀mọ́ ni. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi "àlẹ̀mọ́" sílẹ̀ fún irú ìyẹn, kí "ìfohùndánilẹ́jọ́" máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.